Òru tí iná Texas fẹ́rẹ̀ẹ́ kú pátápátá: ohun tí òtútù 2021 ṣe sí iná àti sí owó

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbí ní Houston àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa láti ilé ní Nàìjíríà lórí Zoom, mo mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́dọ̀ tiyín. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ojú ọjọ́ tó le ṣe ń ṣe ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè àti bó ṣe kan iná tí à ń lò. Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ̀ gan-an ni, mi ò lè kó gbogbo ayé pọ̀ sínú wákàtí kan, torí náà nǹkan kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ níbí, tó ṣojú ọ̀pọ̀ nínú yín, ni màá dì mú: òtútù Fẹ́búárì 2021. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, èmi kọ́ ni màá sọ bó ṣe rí fún yín. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wò ni ibi tí iná ti ń wá, ohun tó ṣe é lóru ọjọ́ yẹn, àti ọ̀nà tí owó gbà lọ, torí títí dòní a ṣì ń san nínú owó yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀.

Alẹ́ Sọ́ńdè, 14 Fẹ́búárì, iná tí àwọn ará Texas lò dé 69,222 mẹ́gáwáàtì. Wọn ò lo tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà òtútù. Kẹ́ ẹ sì wò ó o, ERCOT, ìyẹn àjọ tó ń darí gíríìdì ìpínlẹ̀ yìí (wáyà tó so gbogbo ilé iṣẹ́ iná àti gbogbo ilé pọ̀), ti jókòó ṣe ìṣirò kí òtútù tó dé, wọ́n ní tí nǹkan bá wá le débi tó le dé, 67,208 làwọn èèyàn máa lò. Ìṣirò tó burú jù tí wọ́n ṣe, ọjọ́ gidi kọjá ẹ̀. Kò sì tíì tán níbẹ̀, torí wọ́n ní ká ní iná wà ni, 76,000 ó lé làwọn èèyàn ì bá lò. Ṣùgbọ́n iná ò sí. Láàárín òru yẹn ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ọ̀kan lọ, òmíràn tẹ̀ lé e, nígbà tó sì di aago 1 kọjá ogún ìṣẹ́jú, ERCOT pàṣẹ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná àwọn èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan níbí torí òun gan-an ni ọkàn ọ̀rọ̀ yìí. Gíríìdì Amẹ́ríkà ń lọ ní 60 Hertz, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà ní àáyá kan (ti Nàìjíríà jẹ́ 50), nọ́ńbà yẹn sì gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀ tọ̀sán tòru. Tí iná tí èèyàn ń fà bá ti ju èyí tó ń wọlé lọ, nọ́ńbà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, tó bá wá já wálẹ̀ kọjá 59.4 tó sì dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 9, àwọn ẹ̀rọ tó kù á máa pa ara wọn kí wọ́n má bàa bàjẹ́, gbogbo ẹ̀ á sì já lẹ́ẹ̀kan náà. Ní nǹkan bí aago 2 òru yẹn, ó wálẹ̀ dé 59.3. Ìṣẹ́jú 4 àti àáyá 23 ló fi wà lábẹ́ ìlà yẹn kí wọ́n tó rí i fà sókè padà. Ìṣẹ́jú 4 àti àáyá 37 péré ló kù! Àwọn ọ̀gá ERCOT fúnra wọn ló sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ká ní ó já ni, ó lè gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó tiẹ̀ lè di oṣù, kí iná tó padà dé. Àwa tá a wá láti Nàìjíríà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní gíríìdì já, a gbọ́ ọ léraléra lọ́dún 2024, a sì mọ̀ pé kì í pẹ́ kí wọ́n tó tún gbé e dìde. Texas ò ní rí bẹ́ẹ̀, torí àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi gbé e dìde, òtútù ti da ọ̀pọ̀ nínú àwọn náà láàmú.

Nígbà tó wá burú tán, àwọn ẹ̀rọ tó lè pèsè 52,000 mẹ́gáwáàtì ó lé ni wọn ò ṣiṣẹ́, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá gbogbo iná tí Nàìjíríà sábà máa ń pín lójúmọ́. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù mílíọ̀nù 4.5 ló wà nínú òkùnkùn. Dallas dé -19 Celsius. Wọ́n ní wọ́n máa mú iná lọ díẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n máa yí i láàárín àdúgbò, ṣùgbọ́n ohun tó kù nílẹ̀ kéré débi pé àdúgbò tí wọ́n bá ti mú tiẹ̀ lọ, wọn ò rí nǹkan fi pààrọ̀ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn kan ṣe wà láìsí iná fún bí ọjọ́ mẹ́ta, nígbà tí àwọn tó wà lórí wáyà kan náà pẹ̀lú ọsibítù, tí wọn ò lè mú iná ẹ̀, ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Kí ló fà á? Ẹ wo àjọ tí àwọn ìyá wa ń dá lọ́jà. Àjọ ń dúró torí pé gbogbo èèyàn kì í wá kó owó lọ́jọ́ kan náà. Gíríìdì náà, orí ìgbàgbọ́ yẹn ló jókòó lé, pé tí èmi bá ń fi ẹ̀rọ fọ aṣọ, ìwọ á ti pa tìẹ. Òtútù ńlá máa ń mú kí gbogbo èèyàn wá kó owó ní wákàtí kan náà, nínú gbogbo ìlú, láti Dallas dé Galveston, ó sì tún jẹ́ pé òtútù yẹn kan náà ló máa wọ inú kóló alájọ lọ tó máa fọ́ ọ. Ohun tí mo wá sọ fún yín lónìí nìyẹn o. Ọjọ́ tí a nílò iná jù ni ọjọ́ tí ohun tó ń mú iná wá máa ń kú, ohun kan náà ló ń fa méjèèjì, torí náà ẹni tó bá ń fi ọjọ́ tó dáa ṣe ìṣirò, kò tíì ṣe ìṣirò.

Lápá àwa tó ń lò ó, bí ilé 6 nínú 10 ní Texas ló jẹ́ pé iná mànàmáná ni wọ́n fi ń mú ilé gbóná. Ilé wọn, torí ooru ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, ògiri fẹ́lẹ́, páìpù omi ń gba òkè àjà kọjá níbi tí òtútù ti lè mú un. Hítà ò ní sinmi nínú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Lápá àwọn tó ń pèsè, gáàsì ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣe iná níbí. Gáàsì tó ń jáde látinú kànga kì í dá wá, omi máa ń bá a wá, omi yẹn ló dì lẹ́nu kànga, gáàsì ò lè jáde mọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ iná fúnra wọn, ìta gbangba ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọn wà, kò sí ilé lórí ẹ̀, torí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n fẹ́ kí ooru rí ọ̀nà jáde. Kódà ilé iṣẹ́ núkílíà tó wà ní South Texas, ọ̀kan nínú ẹ̀rọ rẹ̀ méjì kú láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè torí pé omi dì nínú ọ̀pá tín-ín-rín kan tó ń sọ fún ẹ̀rọ bí agbára omi ṣe pọ̀ tó. Ọ̀pá kékeré, 1,300 mẹ́gáwáàtì lọ!

Èyí tó wá dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ rèé. Àwọn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì gba inú páìpù, iná mànàmáná ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n máa mú iná àwọn èèyàn, wọ́n mú ti àwọn ilé iṣẹ́ gáàsì náà mọ́ ọn, torí àwọn oní-gáàsì wọ̀nyẹn ò tíì kọ orúkọ sílẹ̀ pé ibi pàtàkì ni àwọn, pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mú iná àwọn. Fọ́ọ̀mù lásán ni o. Iná lọ, gáàsì ò rìn, gáàsì ò rìn, ilé iṣẹ́ iná tún kú sí i, ilé iṣẹ́ iná kú, wọ́n tún mú iná sí i. Àwọn olóṣèlú bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n wọ́n ní afẹ́fẹ́ ló fà á, pé àwọn fáànù ńláńlá tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná ló dì. Òótọ́ ni pé àwọn náà dì. Ṣùgbọ́n nígbà tí FERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó iná àti gáàsì, àti NERC, àjọ tó ń rí sí i pé gíríìdì ò já, ṣe ìwádìí wọn tán, nínú ẹ̀rọ 1,045 tó kú tàbí tó dínkù ní gbogbo agbègbè yẹn, 58 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ oní-gáàsì, 27 ni ti afẹ́fẹ́. Mi ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ torí ẹni tí ò bá mọ ohun tó bàjẹ́ kò ní mọ ohun tó yẹ kó tún ṣe.

Texas ò sì rí aládùúgbò pè. Láti ìgbà òfin iná àpapọ̀ ti 1935 ni wọ́n ti fẹ́ kí gíríìdì wọn dá dúró, kí ìjọba àpapọ̀ má bàa máa darí wọn, ohun tó so wọ́n mọ́ àwọn ìpínlẹ̀ yòókù àti Mexico kéré gan-an, kò ju nǹkan bí 1,200 mẹ́gáwáàtì lọ. El Paso, tó wà nínú Texas kan náà, kò sí lórí gíríìdì yẹn. Nígbà tí òtútù 2011 ṣe wọ́n níkà, àwọn ará El Paso náwó, wọ́n tún ẹ̀rọ wọn ṣe kó lè gba òtútù, nígbà tí 2021 dé, iná wọn ò lọ bíi ti àwọn yòókù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá gbé ojú sókè wo orílẹ̀-èdè.

Ní Máàṣì 2021, Federal Reserve, báǹkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, gbé ìṣirò Fẹ́búárì jáde. Ohun tí àwọn fáktìrì ṣe fi 3.1 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé òtútù ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Epo, gáàsì àti àwọn ohun tí wọ́n ń wà nílẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú 5.4. Ṣùgbọ́n iná àti gáàsì tí wọ́n pín fún àwọn èèyàn gòkè pẹ̀lú 7.4. Oṣù kan náà! Iṣẹ́ lọ sílẹ̀, iná tí wọ́n ń sun lọ sókè, nítorí pé gbogbo orílẹ̀-èdè ń sun iná láti má kú sínú òtútù, wọn ò fi ṣe nǹkan kan tí wọ́n máa tà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé máa wò dáadáa, torí GDP, ìyẹn ìṣirò gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè ṣe jáde lọ́dún, máa ń ka owó hítà mọ́ ọn, ó máa ń ka owó púlọ́ńbà tó wá tún páìpù tó bẹ́ ṣe, ó máa ń ka owó páálí tuntun tí wọ́n fi bo àjà, bíi pé ìlú ń tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n ẹ ò ní nǹkan tuntun kankan, ohun tẹ́ ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ lẹ kàn rà lẹ́ẹ̀kejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2014 tí òtútù ńlá mú Amẹ́ríkà, GDP wọn fà sẹ́yìn ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó sì gbéra padà ní oṣù mẹ́ta kejì, àwọn kan wá ń sọ pé kò sí nǹkan. Lóòótọ́, mọ́tò tẹ́ ẹ ò rí rà ní Jánúárì, ẹ lè rà á ní Éépírì. Ẹni tó ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ tó ń gba owó wákàtí ńkọ́? Wákàtí tí wọ́n fi ti ilé oúnjẹ pa, ta ló máa dá a padà fún un?

Ó ràn kọjá Texas. Samsung ti ilé iṣẹ́ chip wọn (ọpọlọ kékeré tó wà nínú kọ̀ǹpútà, fóònù àti mọ́tò) pa ní Austin, NXP àti Infineon náà tì, nígbà tí gbogbo ayé ti ń wá chip fún mọ́tò tí wọn ò rí. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi gáàsì àti epo ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣe ike àti ọ̀rá, tó jẹ́ pé etí òkun níbí ni èyí tó pọ̀ jù nínú ti Amẹ́ríkà wà, fẹ́rẹ̀ẹ́ tì tán, owó ike lọ sókè, ti páìpù lọ sókè, bẹ́ẹ̀ páìpù ni gbogbo Texas ń wá rà lọ́sẹ̀ yẹn. Mexico ń ra gáàsì látọ̀dọ̀ Texas láti fi ṣe iná, gáàsì ò wá mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ilé àti ilé iṣẹ́ mílíọ̀nù 4.7 níhà àríwá Mexico ṣe bá ara wọn nínú òkùnkùn. Kódà ní Minnesota tí òtútù ò ṣàjèjì sí, iná wọn ò lọ bíi ti Texas, páìpù wọn ò bẹ́ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ wọ́n san ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là lé owó gáàsì wọn, torí ọjà gáàsì kan náà ni gbogbo wọn ti ń rà.

Ta ló wá sanwó? Ìjọba Texas fi owó iná lójú ọjà sí 9,000 dọ́là fún mẹ́gáwáàtì-wákàtí kan, iná tó jẹ́ pé kì í sábà kọjá 30 dọ́là, wọ́n sì fi í síbẹ̀ di àárọ̀ 19 Fẹ́búárì. Brazos Electric, àjọ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó pẹ́ jù nínú irú ẹ̀ ní Texas, gba bíìlì tó lé ní bílíọ̀nù 1.8 dọ́là, nígbà tó fi máa di 1 Máàṣì wọ́n ti lọ sí kóòtù pé àwọn ò lè san gbèsè mọ́. Griddy, tó ń ta iná fún àwọn èèyàn ní iye tó bá wà lójú ọjà gan-an, àwọn oníbàárà ẹ̀ gba bíìlì ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là fún ọjọ́ mélòó kan, òun náà kógbá wọlé. Àwọn kan jèrè o. Energy Transfer tó ní páìpù gáàsì jèrè bílíọ̀nù 2.4 dọ́là látinú ìjì yẹn. Gbèsè tó kù, wọ́n sọ ọ́ di bọ́ǹdì (ìwé gbèsè tí wọ́n tà fún àwọn olówó, tí wọ́n máa san padà pẹ̀lú èlé), ti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pín gáàsì nìkan tó bílíọ̀nù 3.5 dọ́là, wọ́n tà á ní 2023, a sì ń san án díẹ̀ díẹ̀ lórí bíìlì wa, ọdún gbọọrọ ni wọ́n nà án sí. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́sẹ̀ tí òtútù yẹn mú wa, ó ṣeé ṣe kó tó ẹni tó ń sanwó gáàsì fúnra ẹ̀ kí wọ́n tó san án tán.

Báǹkì Federal Reserve ti Dallas ní gbogbo òfò yẹn lápapọ̀ lè tó bílíọ̀nù 80 sí 130 dọ́là. Báǹkì yẹn kan náà ló ṣírò iye tó máa ná wọn láti múra gbogbo kànga gáàsì sílẹ̀ fún òtútù: mílíọ̀nù 85 sí 200 dọ́là lọ́dún. Ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Kì í sì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀. Òtútù ti mú iná lọ ní 1989, ó tún mú un lọ ní 2011, FERC àti NERC kọ̀wé lẹ́yìn 2011 pé ẹ wọ aṣọ òtútù fún àwọn ẹ̀rọ yìí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni, òfin kọ́, ẹni tó bá sì náwó sí i, ọjà ò san án padà fún un lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn. Èmi ò gbà pé àdánù lásán ni ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn kan fi owó ìmúrasílẹ̀ sápò fún ọdún mẹ́wàá, ẹlòmíràn ló sì san án.

Lẹ́yìn 2021 wọ́n ṣòfin tuntun, wọ́n ní ẹni tí ò bá múra ẹ̀rọ ẹ̀ sílẹ̀ lè san owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù kan dọ́là lójúmọ́, nígbà tí òtútù sì tún dé ní Kérésìmesì 2022, iná Texas dúró. Lọ́tẹ̀ yìí Tennessee ni iná ti lọ, TVA, ilé iṣẹ́ iná ìjọba àpapọ̀ tó wà níbẹ̀ láti 1933, mú iná àwọn èèyàn lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ilé iṣẹ́ iná gba òtútù, ọ̀tọ̀ ni kí òpó iná gba ìjì. Ẹ ò ní gbàgbé ìjì Beryl, 8 Júláì 2024, ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó lé ní mílíọ̀nù méjì ní agbègbè Houston yìí wà láìní iná nínú ooru, ooru yẹn sì pa èèyàn lẹ́yìn tí ìjì ti lọ tán.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ní Oṣù Kẹwàá 2022 tí omi bo ìpínlẹ̀ lóríṣiríṣi, tó pa èèyàn tó lé ní 600, tó lé mílíọ̀nù 1.4 kúrò nílé, NLNG, ilé iṣẹ́ tó ń ta gáàsì Nàìjíríà sókè òkun láti Bonny, kéde ní ọjọ́ 17 pé àwọn ò lè mú àdéhùn gáàsì àwọn ṣẹ mọ́, torí omi ti bo ibi tí àwọn tó ń fún wọn ní gáàsì ti ń wà á. Òtútù níbí, omi níbẹ̀, ẹnu kànga kan náà ni. Ó sì jẹ́ ìgbà tí Yúróòpù ń wá gáàsì lójú méjèèjì nítorí ogun Ukraine, owó ẹ̀ wà lókè. Wọ́n ti sọ pé tí Cameroon bá ní ìdídò (dáàmù) Lagdo, kí Nàìjíríà kọ́ ti Dasin Hausa ní Adamawa kó lè máa gba omi tó bá tú jáde. Lagdo ti wà láti 1982. Omi 2022 dé, kò bá Dasin Hausa nílẹ̀.

Ìyá kan fi ìbéèrè ránṣẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí làwọn lè ṣe nínú ilé àwọn, àwọn ò lè tún gíríìdì ṣe. Ẹ ṣeun mà. Èèyàn 246 ni ìjọba Texas kà pé òtútù yẹn pa, 161 nínú wọn ló jẹ́ pé òtútù fúnra ẹ̀ ló pa wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú ilé ara wọn. 19 ló jẹ́ pé èéfín ni. Carbon monoxide, èéfín tí kò ní òórùn. Wọ́n tan mọ́tò sínú gáréèjì, wọ́n gbé èédú wọ pálọ̀, wọ́n gbé gen sẹ́nu ilẹ̀kùn. Àwa tá a bá gen dàgbà ni mo ń bá wí ní pàtàkì, torí a máa ń rò pé a ti mọ̀ ọ́n lò. Ní ilé wa níbẹ̀ fèrèsé ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọlé ń jáde, níbí ẹ ti ti gbogbo ihò pa nítorí òtútù, èéfín tó bá wọlé kò ní jáde mọ́. Ẹ gbé gen jìnnà sí ilé, ó kéré tán 20 ẹsẹ̀ bàtà, kí ẹnu èéfín kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, ẹ má gbé e sínú gáréèjì láé, kódà tí ilẹ̀kùn gáréèjì bá ṣí sílẹ̀. Ẹ ra aláàmù carbon monoxide kẹ́ ẹ gbé e sítòsí ibi tẹ́ ẹ ń sùn, kò wọ́n. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rà á, ẹ ra èyí tó ní bátìrì, torí èyí tó ń lo iná ògiri nìkan á kú lọ́jọ́ tí iná bá lọ, ọjọ́ yẹn gan-an lẹ sì fẹ́ kó dún.